Owó Aṣọ Iṣẹ́ Wà Nínú Aṣọ Sátidé

Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà iṣẹ́ kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́wọ́ òfìfo. Kirépù dúdú á wà nínú ọ̀rá, tàbí kaṣimíà aláwọ̀ eérú, á sì ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ọ́fíìsì márùn-ún ni kí ẹ bá mi rán, torí ọjọ́ márùn-ún la fi ń lọ síbi iṣẹ́." N kì í tètè fa téèpù yọ. Mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé aṣọ ẹbí mélòó ló ti rán láti Kérésì tó kọjá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Èyí tó bá fẹ́ sọ òótọ́ á máa ka ìka, ìka ọwọ́ kan kò sì ní í tó o.

Owó kò tó, òótọ́ ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbà láti máa san 77,000 náírà fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, ìyẹn fi 7,000 ju iye tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin lóṣù keje ọdún náà. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń gba 33,000 tẹ́lẹ̀ náà bọ́ sí 77,000 ní 2025. Ẹni tó ń gbé Ọbáńtokò ní Abẹ́òkúta níbí, tó ń wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn láràárọ̀, tó ń sanwó ilé, tó tún ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó mọ ibi tí owó yẹn ń parí sí kí oṣù tó pé ìdajì. Síbẹ̀, bí a bá jọ jókòó ṣírò ohun tó ná lórí aṣọ láàárín ọdún kan, owó aṣọ kọ́ ló wọ́n ọn. Sátidé ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́, ìkómọ ọmọ ọ̀gá, òkú ìyá àgbà ìyàwó ẹ̀gbọ́n, oyè jíjẹ. Àwa Ẹ̀gbá kì í fọwọ́ kékeré mú ìnáwó. Léèsì kan, gèlè kan, owó télọ̀, sítóònù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò tán, aṣọ wọ àpótí. Tó bá di Mọ́ńdè, ọmọ yìí kan náà á tún wọ síkáàtì tó ti ń wọ̀ bọ̀ láti ìgbà tó wà ní Pólì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì ra nǹkan kan. Aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá kiri, ìdajì rẹ̀ ti wà nínú àpótí wọn. Ó kàn jẹ́ pé Sátidé ni wọ́n rán an fún. Ìdajì tó kù ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni yóò mú un wá, tòun ti àwọ̀ rẹ̀, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba owó wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú àǹkárá, torí òun ló rọrùn jù. Yáàdì mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń dì í. Lára ọmọbìnrin tí kò sanra, gáàwùn tó kọjá orúnkún díẹ̀ kì í gbà ju bíi yáàdì mẹ́ta lọ. Síkáàtì kan ṣì wà nínú ìyókù, nígbà mìíràn mo tún máa ń rí èyí tí mo fi gbá etí búláòsì funfun. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé àwòrán inú fóònù wá bá mi, apá tó wú bí ìrọ̀rí, àyà tó ṣí sílẹ̀, ìdí tó fún pinpin tó wá fẹ̀ dànù nílẹ̀, yáàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni yóò wọ inú aṣọ kan ṣoṣo, òde kan ṣoṣo ni aṣọ náà yóò sì lọ. Gáàwùn tí èmi ń sọ, ọrùn rẹ̀ bo eegun àyà, apá rẹ̀ dé ìgúnpá, síìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sí sítóònù kankan lára rẹ̀. O lè ní báwo ni ìyẹn ṣe fẹ́ yẹ òde. Gèlè ló ń ṣe òde, ọmọ mi. Wé gèlè tó le dáadáa, fi ìyùn sọ́rùn, gbé ìpèlé lé èjìká, mú pọ́ọ̀sì tó ń dán lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó tí òógùn ti bò, tó ń wá ibi tí àwọn alásè gbé ìrẹsì sí, kò ráyè wo apá aṣọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó gbogbo ìyẹn kúrò, wọ bàtà dúdú, ó di aṣọ iṣẹ́.

Léèsì le díẹ̀. Èyí tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ lára, tí àwọ̀ rẹ̀ sì tutù, mo máa ń fi láínì tó nípọn sí i lábẹ́, kí n fi ṣe síkáàtì tó wálẹ̀ gbọọrọ. Síkáàtì léèsì aláwọ̀ aró pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, n kò tíì rí ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ tó bínú sí i. Èyí tó ń kọ mọ̀nà ní tirẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ti Sátidé ni. Irú èyí ni mo ní kí ẹ máa ra gèlè rẹ̀ nìkan. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń náwó ti mọ̀ pé àwọn kan á mú aṣọ, àwọn kan á mú gèlè, ọkùnrin mìíràn á sì mú fìlà nìkan. Bó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹ ló ń gbéyàwó, mú odindi. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, tí ẹ kì í kí ara yín tán láàárọ̀, gèlè pọ̀ fún un.

Àwọn aṣọ tó ti kú sínú àpótí ńkọ́? Mú wọn wá. Èyí tó fún mọ́ itan tó wá fẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn, bí mo bá gé e níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀, síkáàtì ọ́fíìsì ló kù yẹn, aṣọ tí mo gé kúrò á sì tó fún àpò méjèèjì àti bẹ́líìtì. Sítóònù ló máa ń yọ wá lẹ́nu. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ ọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á fi bíléèdì tú u. Èyí tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, bó bá ṣí, gúlúù rẹ̀ kì í ṣí, àpá rẹ̀ á máa dán lójú oòrùn. Ibẹ̀ la máa ń gbé àpò lé, tàbí ká wá bọ́tìnì ràgàjì kan bò ó. Òun náà ló jẹ́ kí n máa bẹ àwọn ọmọ yìí pé, bí sítóònù bá wù yín, kí ẹ jẹ́ kí n rán an mọ́ ìborùn.

Àwọ̀ ló ń mú kí aṣọ díẹ̀ dà bíi púpọ̀. Yan àwọ̀ kan tí yóò jẹ́ ìpìlẹ̀: dúdú, búráwùn, tàbí aró tó kún. Síkáàtì, ṣòkòtò, jákẹ́ẹ̀tì, bàtà, báàgì, àwọ̀ yẹn ni kí gbogbo wọn jẹ́. Àǹkárá tí wọ́n bá mú wá fún aṣọ ẹbí, wò ó bóyá àwọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀ níbì kan, ì báà ṣe etí òdòdó. Bó bá wà níbẹ̀, aṣọ náà ti rí ẹgbẹ́ nílé kí ó tó dé. Bí kò bá sí, ronú nípa gèlè. Èmi máa ń ti aró lẹ́yìn, kì í ṣe torí pé Abẹ́òkúta ni mo ń gbé nìkan. Dúdú máa ń ṣá lójú oòrùn wa, ó sì máa ń fi ìyẹ̀fun àti erùpẹ̀ pupa hàn. Aró a máa gba àṣìṣe mọ́ra. Ọmọ tó bá ń wo ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, tó ń rí i pé ìyẹn kì í wọ aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí ó rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti ayé Àbáchà ni ọ̀gá yẹn ti ń kó tirẹ̀ jọ.

Jákẹ́ẹ̀tì ni n kì í gbà rán fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n rán. Ṣùgbọ́n kí n tó ra sitéè tó dára, láínì, páàdì èjìká àti bọ́tìnì, kí n tó gba owó iṣẹ́ ọwọ́ mi, iye rẹ̀ á ti ju èyí tí òyìnbó rán, tí ó wà nínú òkìríkà, lọ fíìfíì. Ti òyìnbó á sì tún jókòó lọ́rùn ju tèmi lọ. Ohun tó bá jẹ́ síkáàtì àti gáàwùn, télọ̀ ni kí o wá. Ohun tó bá jẹ́ jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò súútù, òkìríkà ni. Àwọn aṣọ́bodè fi aṣọ àlòkù sínú ohun tí òfin kò gbà kó wọ ilẹ̀ wa, ẹ sì rí i pé ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí wọ́n má já bẹ́ẹ̀lì. Ọjà Láfẹ́nwá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ ń dé Kàtàńgúà lágbègbè Abúlé-Ẹ̀gbá, lójú ọ̀nà tó ti ibí lọ sí Èkó. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ẹlòmíràn á wọ̀ ọ́ ní Láderin, á sọ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, Yábàá kò sì jìnnà síbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ jọ lọ. Ẹni tó bá dá lọ máa ń ra ohun tí kò nílò kí owó ọkọ̀ má baà dùn ún.

Èjìká ni kí o fi yan jákẹ́ẹ̀tì. Ìbàdí tó fẹ̀, mo lè bù ú. Apá tó gùn, mo lè gé e. Ṣùgbọ́n èjìká tó bá ti kọjá tìrẹ, kí n tú gbogbo apá sílẹ̀ ló kù, owó tí mo máa gbà á ti ju owó jákẹ́ẹ̀tì lọ. Yí abíyá rẹ̀ síta, gbóòórùn rẹ̀; òógùn tó ti gbó níbẹ̀ kì í gbọ́ ti ọṣẹ. Fa láínì rẹ̀ díẹ̀, kí o wò ó bóyá ó ti jẹrà. Bí ìwọ̀n rẹ kò bá sí, ra èyí tí èjìká rẹ̀ bá ọ mu tí ìbàdí rẹ̀ sì tóbi, má ra èyí tó kéré pẹ̀lú ìrètí pé télọ̀ á tú u, torí òyìnbó kì í fi aṣọ púpọ̀ sílẹ̀ lójú rírán bíi tiwa. Bàtà òkìríkà ni mo ń bẹ̀rù. Abẹ́ rẹ̀ lè ti gbó láti inú kọ̀ǹténà láìsí ẹni tó mọ̀, á sì tú wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí o ní ìpàdé. Tẹ èékánná mọ́ ọn kí o tó sanwó.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta gan-an yẹ kó wà nínú ìṣirò yìí. Orí àpáta la kọ́lé sí. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ìkìjà tàbí tó ń gun òkè Aké pẹ̀lú bàtà gogoro mọ ohun tí mò ń sọ. Ra bàtà pẹlẹbẹ kan tó dára fún ọ̀nà, fi gogoro sábẹ́ tábìlì ọ́fíìsì, kí ó má rí títì rárá. Kí o sì tó wọ bàtà tuntun lẹ́ẹ̀kan, gbé e lọ fún ṣúmékà kó lẹ rọ́bà mọ́ abẹ́ rẹ̀. Owó kékeré ni, bàtà náà á sì lo ọdún méjì níbi tí ìbá ti lo oṣù mẹ́fà. Ọ̀kadà tún ni èkejì. Síkáàtì tó fún dé orúnkún, tí lílà ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tó, lọ́jọ́ tí òjò bá ń bọ̀ tí ọkọ̀ kò sí, orí ọ̀kadà ni yóò ti ya, láti ibi lílà yẹn lọ sókè. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹni tí mò ń wọn jókòó lórí àga lẹ́yìn tí mo bá ti wọ̀n ọ́n lóòró. Ìdí ẹni tó jókòó fẹ̀ ju ti ẹni tó dúró, síkáàtì rẹ̀ sì máa ń sá gòkè. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, orí ìjókòó ló ń wà. Ìwọ̀n ìjókòó ni kí a fi rán an.

Ní ti àdìrẹ, bí o bá ń gbé ìlú yìí tí kò sí ẹyọ kan nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ, o ń fi ọjà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń gba aṣọ ìbílẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, ṣùgbọ́n Fúráìdè nìkan kọ́ ni mo ní lọ́kàn. Jákẹ́ẹ̀tì àdìrẹ tí kò ní kọ́là, tí kò ní láínì, tó ṣí sílẹ̀ níwájú, òun nìkan ni jákẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń gbà rán. Bí o bá gbé e lé gáàwùn aláwọ̀ kan, ó tó wọ iwájú ọ̀gá èyíkéyìí. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú ni kí o lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ rà á ní Ìtòkú wá tà fún ọ. Yí aṣọ náà padà kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Aró máa ń wọ èyí tí wọ́n fọwọ́ pa dé ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa funfun ràkọ̀ràkọ̀. Lẹ́yìn náà, fi omi tutu rin hánkáṣíìfù funfun, kí o fi ra ojú aṣọ náà. Bí hánkáṣíìfù bá di aró, wọn kò ṣan án dáadáa, búláòsì funfun rẹ àti àga ọ́fíìsì ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ̀sùn aró tó ń ṣí yìí kì í ṣe tuntun. Láàárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí kọ́sítìkì sódà àti aró òyìnbó gba ipò omi eérú àti ewé èlú, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aró ń ṣí, aṣọ sì ń tètè ya. Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de lílo wọn. Àwọn aláró kò gbà. Ní 1936 wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, wọ́n sì gba lọ́yà. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ yá kí ó rí tà ní tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ pẹ́ ní tirẹ̀. Ìwọ tí owó rẹ kò pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ pẹ́ ni kí o wà. Àdìrẹ olówùú gidi, bó bá ṣá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ lè gbé e padà lọ sínú aró. Wọn a tún un pa, á tún di tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣòkòtò dúdú olówùú tó ti di àwọ̀ eérú. Mo mọ àwọn olùkọ́ tó ń kó ti gbogbo ilé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìsinmi. Èyí tó jẹ́ pólíẹ́sítà kì í gba aró, ẹ má yọ aláró lẹ́nu.

Ó ku ẹni tí o ń wọ aṣọ náà lọ bá. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní ìlú yìí ní 1900, wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914. Ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó dé ní 1922, ó di olùkọ́. Gáàwùn òyìnbó ni obìnrin tó kàwé ń wọ̀ láyé ìgbà náà, òun náà sì ń wọ̀ ọ́. Nígbà tó di pé ó ń bá àwọn ìyá ọjà jókòó, tí wọ́n jọ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀ ní 1946, tí wọ́n ń bá owó orí jà, ó pa gáàwùn tì. Ìró àti bùbá ló ń wọ̀ láti ìgbà náà lọ, kí ìyá tó ń ta gàrí má baà máa wò ó bí àlejò. Wọ́n bá ìjà náà dé ibi tí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. N kò sọ pé ìró àti bùbá ló lé ọba. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé obìnrin tó lówó gáàwùn lọ́wọ́ kọ́kọ́ wo ẹni tó fẹ́ jókòó tì, kí ó tó ṣí àpótí.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré ní Ọ̀dẹ̀dá, tí àwọn ìyá olóko ń gbé ọmọ wá bá, kò nílò súútù. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ tó mọ́ tónítóní àti àǹkárá tó rọ̀ ti tó. Ọmọ tó wà ní kàǹtà ilé ìfowópamọ́ ní Òkè-Ìlewó kò lè wọ ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn wọ̀. Lọ́yà tó ń lọ sí kóòtù ní Ìsàbọ̀ ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn, dúdú àti funfun ni iṣẹ́ wọn ti yàn fún wọn. Mo máa ń sọ fún àwọn lọ́yà kéékèèké pé kí wọ́n má san ju owó ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta lọ lọ́dún àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi ìyókù ra ìwé.

Nípa àwa télọ̀: ẹ̀ ń bú wa pé a kì í pé àdéhùn, ẹ kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ẹ̀ ń gbé aṣọ wá. Dìsẹ́ńbà, nígbà tí aṣọ ẹbí dé òrùlé, ni àwọn kan á gbé kirépù ọ́fíìsì wá. Nígbà Lẹ́ńtì, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan kì í so yìgì, nígbà ààwẹ̀ Rámádáànì, ayẹyẹ Mùsùlùmí náà á dínkù, ọwọ́ wa á dilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ráyè jókòó ti ènìyàn kan, kí n wọ̀n ọ́n dáadáa, kí n sì gba owó tó mọ níwọ̀n. Mú síkáàtì tó bá ọ lára mu jù lọ dání, fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí n fi gé tuntun. Kí o tó lọ, rán mi létí kí n fi aṣọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí méjèèjì, ó kéré tán íǹṣì kan ààbọ̀, torí mo ti ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn owó oṣù kẹta, tí ẹ bá ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà tó dára nítòsí ọ́fíìsì, gbogbo yín lẹ máa ń padà wá bá mi pé síìpù kò pa dé mọ́.